Ìbò Ará Ìlaròó àti Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà

Ní ayé àwọn baba wa, Olú àti àwọn ìjòyè ni ń ṣe àkóso Ìlaròó, kí Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tó dé. Ní 1951 ni ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa láti 1995, kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin sí Ìbàdàn. Ará ìletò yan aṣojú, àwọn aṣojú ni wọ́n sì yan aṣòfin; Olóyè J. A. O. Odebiyi wà lára àwọn tí a rán lọ. Ní 1959 ni ìbò kárí gbogbo àgbàlagbà ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìyá elélùbọ́ sì di ẹgbẹ́ baálé níwájú àpótí ìbò.

Ọ̀ràn obìnrin yìí kò ṣe àjèjì sí Róòmù. Ní 1948, nígbà tí ìbò ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ítálì, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún àwọn àlùfáà pé dandan ni kí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, lọ dìbò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ti wí. Ẹ̀rù Kọ́múníìsì ń ba Róòmù nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò bá ìbò ọ̀hún lọ: ní 1965 Àpérò Vatican Kejì tún rán gbogbo ọmọ ìlú létí pé ẹ̀tọ́ ni, ojúṣe sì ni, láti fi ìbò wá ire gbogbo ènìyàn.

Ta ni kí a wá yàn? Ìjọ kò dárúkọ ẹnìkan. Ire gbogbo ènìyàn ni ó fi lé wa lọ́wọ́, èyí tí ó ju ire ẹbí tàbí ti ìjọ kan lọ. Nítorí náà, ní ìlú tí Mùsùlùmí, ọmọ C.M.S. àti Àgùdà jọ ń gbé, Àgùdà lè yan Mùsùlùmí olóòótọ́, kí ó sì fi Àgùdà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ wọ̀bìà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni "ọmọ wa ni." Láti 1976 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ títí dé ìbò 2023, a kò dìbò yan ọmọ Yewa kankan sí ipò gómìnà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ó dùn wá, nítorí ìpín tí ó tọ́ wà lára ire gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá gbé ìrẹsì àti owó wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní alẹ́ tí ìbò ku ọ̀la ńkọ́? Àwọn kan a máa wí pé owó wa náà ni, kí a gbà á, kí a sì yan ẹni tí ó wù wá. Èmi kò fara mọ́ ọn: ọdún mẹ́rin gbáko ni olówó yóò fi gba owó rẹ̀ padà lára ilé ìwé àti ọ̀nà wa. Fádà kò sì lè bá wa wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Òun náà wà lórí ìlà, ó ń dúró de àyè tirẹ̀.