Iná Abà ní Ìbàràpá

Àgbẹ̀ Ìbàràpá àtijọ́ kì í sùn sílé lójoojúmọ́. Oko etílé wà fún arúgbó àti ọmọdé, ṣùgbọ́n oko ńlá tó ń bọ́ ìdílé máa ń jìnnà sí Èrúwà, Ìdèrè tàbí Igbó-Ọrà débi pé ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ kò ní lágbára tí yóò fi kọ ebè mọ́. Ọkùnrin a wá gba abà lọ, a kọ́ ahéré síbẹ̀, a sì lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó darí wálé. Ẹrù rẹ̀ kò ju àdá, ọ̀bẹ, ọkọ́, ìkòkò kan, igbá, iyọ̀ àti epo pupa lọ. Òkúta mẹ́ta ni ààrò.

Nídìí irú ààrò bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ tí Ìbàràpá ń jẹ lónìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jinná. Iṣu ló kọ́kọ́ ni iná náà. Wọn kì í sun ún nígbà tí iná ṣì ń jó làù. Wọ́n á jẹ́ kí ó rọlẹ̀ títí yóò fi ku ẹyín iná, wọ́n á ti odidi iṣu bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa yí i. Bí èèpo bá ti dúdú tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ gún un láàárín. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ó jinná nìyẹn. Wọ́n á ha èèpo tó jó kúrò, wọ́n á bù ú sí méjì kí ooru inú rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sì máa fi run epo àti iyọ̀ nínú igbá.

Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé etíkun wa nínú ọkọ̀ àwọn Potogí: àgbàdo, ẹ̀pà, ata, ẹ̀gẹ́. Àgbàdo kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà, nítorí ẹyín iná tó gba iṣu gba òun náà pẹ̀lú háhá rẹ̀. Ata bá ìyeré àti ataare nílé, kò sì pẹ́ tó fi gba ipò lọ́wọ́ wọn nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ló le. Irú èyí tó dùn ṣeé sè, ó ṣeé sun, ṣùgbọ́n èyí tó korò ní májèlé sáyánáìdì nínú, iná nìkan kò sì tó láti lé e jáde. Gàrí jẹ́ ọ̀nà kan láti ṣe é. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó láàárín àwọn ọdún 1800 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Gàrí sì nìyí, ó fẹ́ ohun tí wọn yóò fi rin ín, ó fẹ́ agbada, ó fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti iná. Láfún kò béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọ́n á fa okùn inú rẹ̀ yọ, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á sì sá a sórí àpáta. Àpáta kò sì wọ́n ní Ìbàràpá. Ó dà bíi pé ẹ̀lùbọ́ iṣu, tí wọ́n ti ń sá gbẹ tipẹ́, ló là wọ́n lójú. Bí ó bá gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, ìkòkò kan àti ọmọrogùn kan á sì parí rẹ̀: àmàlà láfún, funfun báláú.

Ọbẹ̀ rẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ewé ilá tí wọ́n ń pè ní ilasa ni, wọ́n á fi káún díẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀. Oúnjẹ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ará Igbó-Ọrà ń tọ́ka sí bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ìdí tí ìbejì fi pọ̀ nílùú wọn, tí wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti ọdún 2018. Sáyẹ́ǹsì kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá ìyá ìbejì jiyàn nídìí ìkòkò rẹ̀?

Iná mìíràn tún wà nínú ìgbẹ́ náà. Àwọn ọdẹ tó bá lọ dẹ̀gbẹ́ a máa yan ẹran lórí iná tó tutù díẹ̀, kí ọ̀yà tàbí òkété má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó délé. Ní gáà àwọn darandaran, obìnrin Fúlàní a gbé wàrà tútù kaná, a bu omi ewé bomubómu sí i, wàrà náà á sì dì. Àwọn obìnrin ìlú ń rà á, wọ́n ń gé e, wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń fi sínú ọbẹ̀ dípò ẹran. Ìjà tó wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran da òwò yẹn rú gan-an, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ìlú Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ẹ̀mí sì sọnù.

Ẹ̀rù àti ọ̀kadà ni wọ́n jọ dín oorun abà kù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ti ìlú lọ láàárọ̀, wọ́n sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ ló ń lọ láfún báyìí, ìlú ni wọ́n sì ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Tọ̀sán ló ṣì kù sí oko, iṣu sísun tàbí àgbàdo, pẹ̀lú epo.