Igbó tí a gbìn, igbó tó hù: láti Peckham Rye dé Olókèméjì

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé apá Peckham, ẹ ti lè máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó lójoojúmọ́ kí ẹ má mọ̀ pé igbó ni. Kì í ṣe Peckham Rye fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ o. Pápá nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ọgbà tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣe ni wọ́n to igi inú rẹ̀ bí ẹní to àga sí ibi ìnáwó. Itẹ́ òkú Nunhead ni mò ń sọ, tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé láti Rye.

Wọ́n ṣí i ní 1840. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà kò mówó wọlé mọ́. Ní 1969 wọ́n ti géètì pa, wọ́n bá tiwọn lọ. Pọ́n-ùn kan péré ni kánsù Southwark fi rà á ní 1975. Nígbà yẹn, igi ash àti sycamore ti ń hù láàárín sàréè, wọ́n ń ti òkúta orí òkú ṣubú. Kò sẹ́ni tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Lónìí, igbó ni ibẹ̀.

Ilẹ̀ yìí rántí ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Kí London tó gbòòrò, Great North Wood bo òkè wọ̀nyí láti apá Deptford lọ sí ọ̀nà Croydon. Ibẹ̀ ni orúkọ Norwood ti wá. Wọ́n fi igi oak rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi ní Deptford, wọ́n sì sun ẹ̀ka rẹ̀ di èédú. Díẹ̀ ló kù, bíi Sydenham Hill Wood àti Dulwich Wood. Nípa One Tree Hill tó wà lókè Rye, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan fi ọgbà yí i ká ní 1896. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ogunlọ́gọ̀ èèyàn lọ wó ọgbà náà. Ní 1905 ni wọ́n ṣí i fún tọmọdé tàgbà. Òyìnbó náà mọ ìjà ilẹ̀ jà!

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp àwọn ará ìlú wa. Wọ́n ní ká dáwó, ká ṣán igbó kan tó ti padà di igbó láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti fi oko ibẹ̀ sílẹ̀, ká gbin gmelina àti tíìkì sí i. A ó ta gẹdú, a ó sì tún gba owó kábọ́nù lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ṣebí igi náà ni igi ń jẹ́?” Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀.

Lórí wọ́ọ̀dù, àwa nọ́ọ̀sì ní ìwé tá a fi ń kọ omi tó wọ ara aláìsàn àti omi tó jáde. Bó o bá kọ èyí tó wọlé nìkan, irọ́ ni ìwé yẹn ń pa, ó sì lè pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ́nù. Igi ń fa á látinú afẹ́fẹ́, ó ń fi kọ́ ara rẹ̀; tí igi bá gbẹ dáadáa, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́nù. Gmelina máa ń yára dàgbà, nítorí náà òpó “wíwọlé” rẹ̀ máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gé e lẹ́yìn bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti fi ṣe ìwé. Ìwé á di pàǹtí, pàǹtí á jóná tàbí kó jẹrà, kábọ́nù á padà sójú ọ̀run. Wọ́n á tún gbin òmíràn, wọ́n á tún gé e. Ní ti igbó tó hù fúnra rẹ̀, àgbà igi wà níbẹ̀, kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, ìtàkùn, gbòǹgbò, igi tó ti wó àti ewé tó ti di ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ń di kábọ́nù mú, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kórè wọn. Kí wọ́n tó ṣán irú igbó bẹ́ẹ̀ ká tó rí àyè gbin gmelina, òpó “jíjáde” ti kún kí èso kan tó wọlẹ̀.

Ní 2019, Simon Lewis àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n wo ìlérí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dá igbó padà (mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà ni ti Nàìjíríà). Wọ́n rí i pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ṣèlérí ló jẹ́ oko igi. Nínú ìṣirò wọn títí di 2100, igbó tí wọ́n bá jẹ́ kó hù padà máa pa kábọ́nù mọ́ ní ìlọ́po 40 ju oko igi lọ, àti ìlọ́po mẹ́fà ju oko tí igi wà láàárín ọ̀gbìn rẹ̀.

Báwo wá ni oko igi ṣe gbilẹ̀ nílé? Láti Burma àti India ni. H. N. Thompson, tó di ọ̀gá ẹ̀ka igbó ní Southern Nigeria níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Burma ló ti ṣiṣẹ́ wá. Ní 1902 ni tíìkì dé Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Gmelina náà, Éṣíà ló ti wá. Kódà taungya, tí wọ́n máa ń ní kí àgbẹ̀ gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín igi tuntun títí igi á fi ṣíji bò ó, ọ̀rọ̀ Burma ni.

Ẹ wá wo Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó ìjọba ni láti 1925, ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ní 1946 wọ́n ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi ibẹ̀. UNESCO sì fi Omo sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1977. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Níta ibẹ̀, wọ́n gé igbó tí ìdígbó, arère àti igi ọmọ̀ tí àwọn onílù ń wá kiri wà, wọ́n fi gmelina rọ́pò rẹ̀, pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ní Ìwópin máa lò ó. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lérò. Gmelina di ti àwọn onígẹdú. Erin ṣì wà nínú igbó Omo o, àmọ́ oko kòkó ti ń wọlé tọ̀ wọ́n.

Ohun tó wú mi lórí jù, Olókèméjì kan náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ jù. Wọ́n ń sun ìkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkẹta, wọn ò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wọn ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún 28, koríko ló pọ̀ jù ní ti àkọ́kọ́, igi ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ìkẹta ti di igbó dídí. Wọn ò gbìn ín. Iná nìkan ni wọ́n lé jìnnà sí i.

Mi ò sọ pé oko igi ò dáa. Ibi tí ẹ̀kan bá ti gba gbogbo ilẹ̀, tíìkì sàn ju koríko lọ, pákó tí wọ́n bá sì fi kọ́lé máa pa kábọ́nù mọ́ fún ọdún gbọọrọ. Àwọn ará ilé nílò owó, àwa tó wà ní London kọ́ ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ebi ṣọ́ igbó.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ sórí WhatsApp ni pé kí wọ́n gbin tíìkì sí apá ìsàlẹ̀ tí ẹ̀kan bò, kí wọ́n má fọwọ́ kan igbó òkè. Owó tèmi, kí wọ́n fi san àwọn géńdé tó máa la ọ̀nà iná yí igbó náà ká kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀gbọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.