Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì ní Èdè Abínibí: Iṣẹ́ tí Ilé-Ifẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àbájáde fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn rárá.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà mọ. Ǹjẹ́ Yorùbá lè gbé kókó kẹ́mísírì tó jinlẹ̀ bíi disproportionation? Ẹ jẹ́ kí a fi omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun dán an wò. Gáàsì chlorine ni wọ́n ń fẹ́ sínú omi sodium hydroxide tútù láti pò ó:

Cl₂ + 2NaOH → NaCl + NaClO + H₂O

Átọ́ọ̀mù chlorine kan gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó di −1 nínú iyọ̀. Èkejì pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó di +1 nínú NaClO, èyí tó ń bó àwọ̀ aṣọ. Chlorine ló fúnni, chlorine náà ló gbà. A dábàá pé kí a pè é ní ìfúngbà abẹ́lé.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni. Ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Síbẹ̀, olùkọ́ tó bá lè ṣàlàyé ìfúngbà abẹ́lé yékéyéké ní Yorùbá ti gbé iṣẹ́ Ifẹ̀ síwájú.