Atẹ́gùn àti Wáyà Iná: Láti Ìjọra Ọdún 1923 Títí di Òní

Ní ọdún 1923 ni ìjọba amúnisìn ṣí ibùdó amúnáwá Ìjọra, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú Enugu dáná. Nígbà tí ibùdó Kainji lórí odò Ọya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, ọ̀nà jíjìn ni wáyà ní láti tọ̀ kí iná tó dé Èkó. Ìjì sì wà lójú ọ̀nà náà.

A kì í rí atẹ́gùn. Ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń rí. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń tọ ipa wáyà lẹ́yìn ìjì láti wá ibi tí ó já.

Láti àwọn ọdún 2000 ni okùn fáíbà, tí a fi gíláàsì tín-ín-rín ṣe, ti ń bá wáyà iná rìn lórí òpó ní Nàìjíríà láti gbé ọ̀rọ̀. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ lésà sínú rẹ̀, díẹ̀ yóò máa padà láti ibi gbogbo. Bí atẹ́gùn bá mì í, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà yóò yàtọ̀. Àkókò tí ó fi padà ni yóò sì tọ́ka ibẹ̀.

Èrò wa ni pé okùn yìí lè di etí fún wáyà. Pípèsè iná nìkan kò tó. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń bá a lọ́nà.