Bí A Ṣe Mọ Ẹrù Inú Fáírọ́ọ̀sì Influenza

Àjàkálẹ̀ àrùn influenza, arìnrìn-àjò tí kì í san owó ọkọ̀, tó wọ èbúté Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro káàkiri ayé kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ọdún 1933 ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, ní Lọ́ńdọ̀nù, mú omi ọ̀fun aláìsàn, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì kán an sí imú ẹranko kékeré tí à ń pè ní ferret, ni ẹranko náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sín; báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn náà.

Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Ó di nǹkan bí ọdún 1976 kí ó tó hàn kedere pé ègé mẹ́jọ ni RNA tí fáírọ́ọ̀sì influenza A fi ń jogún ìwà. Ègé kọ̀ọ̀kan ká mọ́ ọ̀wọ́ purotéènì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NP bí òwú ti ń ká mọ́ ìrànwú, tí ẹ́ńsáìmù adàwékọ sì jókòó sí ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2006, Takeshi Noda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé méje nínú àwọn ègé náà dúró yí ẹyọ kan ká láàárín. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí Ye, Krug àti Tao ya àwòrán NP, ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ: ó ní ìrù tó ń tì bọ inú èkejì rẹ̀, bí a bá sì gé ìrù náà, wọn kò lè so kọ́ra mọ́.