Ta Ló Rán Aṣàwákiri Níṣẹ́?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní browser, kò gbọ́ ààbọ̀, kò gbọ́ odindi. Ẹ wo atẹ̀wé kan lágbègbè Ọbaníkòró, ní Ṣómólú tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, tó fẹ́ gba iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ kánkán. Kó tó rí i gbà, ìbéèrè á ti tò: ṣé èmi nìkan ni wàá máa lò? Ṣé wàá forúkọ sílẹ̀? Ṣé kí ìkànnì yìí máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ? Bó bá ní rárá, wọ́n á tún bi í lọ́la. Dátà tó fowó ara rẹ̀ rà ni wọ́n sì fi ń bi í.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois lọ́dún 1993, ìránṣẹ́ òǹkàwé ni. A dárúkọ ojú-ìwé, ó gbé e wá, ó dákẹ́. Netscape dé lọ́dún 1994, Internet Explorer ti Microsoft dé lọ́dún 1995, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Microsoft fi tirẹ̀ sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 1998.

Láti ìgbà náà ni ìránṣẹ́ ti ní ọ̀gá mìíràn. Nínú ẹjọ́ tí Adájọ́ Amit Mehta dá lọ́dún 2024, ó hàn pé lọ́dún 2021 nìkan, Google san dọ́là bílíọ̀nù 26.3 fún Apple àtàwọn iléeṣẹ́ mìíràn, kí ó lè jẹ́ pé òun ni èèyàn á kọ́kọ́ bá pàdé bó bá ń wá nǹkan. Ibi tí owó tó bẹ́ẹ̀ bá wà, ta ni yóò gba rárá gẹ́gẹ́ bí èsì?

Síbẹ̀, rárá wa kì í já sófo. Lọ́dún 2019, Mozilla tó ni Firefox dán ìbéèrè ìfitónilétí wò, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ ni àwọn èèyàn kò gbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Firefox sọ ìbéèrè náà di àmì kékeré tí kì í dínà mọ́ni.

Nílé wa níbí, NCC ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ hàn lọ́dún 2016. Ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó sú, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri náà nìyẹn: kí rárá tí a bá sọ lónìí ṣì jẹ́ rárá lọ́la. Ìránṣẹ́ tí kò gbọ́ rárá lẹ́nu ẹni tó rán an, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń jẹ́.