Ilé Ti Wà Kí Páìpù Tó Dé

Bí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò nínú ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Pópó Àgùdà, ohun tí púlọ́ńbà máa kọ́kọ́ sọ ni pé páìpù ti gbó: ẹ jẹ́ ká yọ ti irin, ká fi oníke sí i. Kò purọ́. Inú ni páìpù irin ti ń dípẹtà wá. Ìpẹtà á wú, á le bí èépá, àyè tí ìgbẹ́ ń gbà á máa fún lọ títí páìpù oní-ínǹṣì 4 á fi kù bí ọrùn ìgò. Oríkèé rẹ̀, tí àwọn ará ìjọ́sí fi okùn dí, tí wọ́n sì yọ́ òjé lé lórí, á là. Ṣùgbọ́n ogbó nìkan kọ́. Ní Lóńdọ́nù, páìpù irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láyé Ọbabìnrin Victoria ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tí mo rí sí i ni pé wàhálà ilé àtijọ́ Èkó dàgbà ju páìpù rẹ̀ lọ. Garawa ni wọ́n kọ́ ilé náà dè.

Ẹ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Iwájú ni wọ́n kó ọnà sí; ilé ìgbẹ́ wà lẹ́yìn àgbàlá lọ́hùn-ún. Pátákó ìjókòó tó ní ihò, garawa lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó fa garawa jáde. Agbépóò ló ni ilẹ̀kùn yẹn. Òru ló ń wá, á daṣọ bojú, á ru ohun tí onílé kò fẹ́ fojú rí. Ọmọ tó bá fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, ìyá rẹ̀ á tètè fọwọ́ dí i lẹ́nu, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé agbépóò tí wọ́n bú lè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bú u. Etí ọ̀sà ni ẹrù náà ń lọ. Ìjọba amúnisìn tilẹ̀ tẹ́ ojú irin kékeré kan ní ìgboro tó ń bá àwọn agbépóò kó o débẹ̀: wọ́n rí irin fún ọkọ̀ ìgbẹ́, wọn kò tẹ́ páìpù. Kì í sì í ṣe Èkó nìkan. Ní Rio de Janeiro, níbi tí Yorùbá wà lára àwọn ẹrú, orí ẹrú ni àgbá ìgbẹ́ ń gbà dé etí òkun. “Tigres”, ìyẹn ẹkùn, ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ilà tí omi ẹ̀gbin tó ń já lé wọn máa ń fi sí wọn lára. Ó di ọdún 1864 kí páìpù ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìlú tó bá ṣì rí orí ènìyàn ru ìgbẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, kì í yá a lára láti gbẹ́lẹ̀.

Ní ti Èkó, ẹnìkan lè sọ pé owó páìpù ni kò sí. Owó wà fún reluwé tó dé Ìbàdàn ní 1901, ó wà fún afárá Carter lọ́dún kan náà. Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé omi ni kò sí, nítorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Òótọ́ ni, ọdún 1910 ni ilé iṣẹ́ omi Ìjú bẹ̀rẹ̀. Ará Èkó pàápàá kò sì dúró dè é tayọ̀tayọ̀: ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ owó omi. Àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ pé kànga wà nínú àgbàlá àwọn, pé òyìnbó ló nílò omi ẹ̀rọ. N kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n omi náà dé, ó ń wọlé, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n là fún un láti jáde. Àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní 1924. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, wọ́n wó ilé, wọ́n la títì. Síbẹ̀, títí dòní, kò sí páìpù ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ kan tó so gbogbo Èkó pọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí agbépóò kásẹ̀ nílẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ló wá ọgbọ́n dá. Wọ́n gba igun kan nínú yàrá tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, wọ́n wá ń wá ibi tí páìpù máa gbà. Páìpù oní-ínǹṣì 4 fẹ́ kó rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 láàárín 40. Nínú ilé tí ìpìlẹ̀ dí i lọ́nà, tí ògiri aládùúgbò sì fún un mọ́lẹ̀, ibo ni yóò ti rí i? Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, wọ́n á tún un tẹ̀ lọ́hùn-ún, omi á ṣàn kọjá, ìgbẹ́ á sì jókòó síbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Páìpù atẹ́gùn tó yẹ kó yọrí lókè òrùlé, ọ̀pọ̀ kò ṣe é rárá. Bí ará òkè bá wá da omi, ìṣàn rẹ̀ á fa omi tó ń dí òórùn lọ́nà nínú ọrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ gbẹ, òórùn á sì rí ọ̀nà wọ yàrá. Wọ́n á ní oríkèé ń jò. Wọ́n á wá a títí, wọn kò ní rí i.

Àwọn kan á sọ pé oníke kì í dípẹtà, pé inú rẹ̀ ń dán, kí la tún ń wí? Ó sàn ju irin lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá gba ibi tí irin gbà, ibi tí irin ti dí náà ni yóò ti dí. Ẹni tó ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ní láti bi ara rẹ̀ bóyá ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà yẹ kó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ná onílé lówó gidi. Ilẹ̀ Èkó ni ìbéèrè tó kẹ́yìn: iyanrìn ni, omi rẹ̀ kò jìn, sókàwéè, kòtò tí ẹ̀gbin ilé ń dà sí, kì í sì í pẹ́ kún lákòókò òjò. Kànga tí wọ́n fi ń yangàn ní 1908, bọ́háòlù ló rọ́pò rẹ̀ báyìí nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá, àgbàlá yẹn náà sì ni sókàwéè wà.